Jíǹsì tí mo wọ̀ gun Mam Tor

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń sáré gun àtẹ̀gùn 667 tó lọ sórí òkè wa, nítorí náà nígbà tí ẹgbẹ́ afẹsẹ̀rìn tí mo wà ní Sheffield ní a ó lọ gun Mam Tor, òkè kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gíga rẹ̀ kò ju mítà 517 lọ, ẹ̀rín ni mo fi gbà á. Jíǹsì ni mo wọ̀. Ẹ rántí jíǹsì yẹn o.

Oṣù kìn-ín-ní ni, lọ́jọ́ Sátidé. Ọkọ̀ ojú irin já wa sí Edale ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, àwa mọ́kànlá. Ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ń ṣáájú wa. Orúkọ lásán ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè wọ́n. Ẹnu tèmi kọ̀ ọ́, "Mà" ni mo ń pè wọ́n títí wọ́n fi ń jẹ́ ẹ. Kí a tó ṣí ẹsẹ̀, wọ́n yẹ bàtà wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè tọ́ọ̀ṣì, torí kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n wá ní kí ọkùnrin kan máa kó ẹ̀yìn bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wo ṣòkòtò mi, wọn ò sọ̀rọ̀.

Inú pápá àgùntàn ni ọ̀nà gbà, ẹrẹ̀ mu wá dé ọrùn ẹsẹ̀, òjò sì ń ṣe wínníwínní. Kò tíì sí wàhálà. Àṣé ara òkè ló ń gba ẹ̀fúùfù dúró fún wa! Bí a ṣe yọ orí sí Hollins Cross, lórí ẹ̀yìn òkè náà, òjò kò wá láti òkè mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wá, pẹ̀lú yìnyín wẹ́wẹ́ tó ń ta mí létí bí iyanrìn. Mo rò pé mo mọ òtútù torí mo mọ ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa gbẹ èèyàn ni. Èyí rin mí gbingbin.

Jíǹsì mi mu omi yó. Ó wúwo, ó lẹ̀ mọ́ itan mi, ó ń fà mí sẹ́yìn bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ láṣọ mú. Òwú tó bá ti tutù kì í mú ooru dání mọ́. Àwọn yòókù wọ ṣòkòtò òjò lé tiwọn, omi kàn ń ṣàn kúrò lára rẹ̀ ni.

Lórí Mam Tor, kùrukùru nìkan la rí. Mo fẹ́ tú ṣinṣín tí mo dì sínú láílọ́ọ̀nù, ìka mi kò gbọ́ tèmi mọ́: mò ń fi ojú rí wọn lára kókó láílọ́ọ̀nù náà, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n lára. Mà gbà á, wọ́n fi eyín já a, wọ́n ju ṣinṣín mẹ́ta sí mi lẹ́nu bí ọmọdé. Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, wọ́n fún un, omi dà bí ìgbà tí wọ́n fún aṣọ. Wọ́n yọ òmíràn tó gbẹ nínú àpò wọn. "Méjì ni mo máa ń gbé," wọ́n ní.

Ètò wa ni pé kí a tún gba orí òkè náà lọ dé Lose Hill. Mà ní ó tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń jiyàn pé ọ̀nà jíjìn la ti wá. Wọn ò bá a fa ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó di ọwọ́ mi mú. Ó dì í mú, ó sì dákẹ́.

Ọ̀nà ọkọ̀ àtijọ́, A625, la gbà sọ̀ kalẹ̀ sí Castleton. Mam Tor kì í dúró jẹ́ẹ́. Tí òjò bá ti pọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ a máa yọ̀. Wọ́n tún ọ̀nà náà ṣe títí ó fi sú wọn, wọ́n tì í ní 1979. Ọ̀dà tí wọ́n tẹ́ lé ara wọn lọ́dọọdún ti ya bí àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, ìlà funfun ṣì wà lórí ẹ̀. (Ká ní ilé ni, dánfó ì bá ṣì máa gba ibẹ̀.)

Ní Castleton, mo mu tíì ife mẹ́ta. Àwọn yòókù fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ Hope. Bọ́ọ̀sì lèmi wọ̀ padà sílé, omi ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó mi. Jíǹsì yẹn kò gbẹ títí di ọjọ́ Túsìdeè.