Bí Mo Ṣe To Fọ́tò Olorì Emma ti Hawaii ní Ọdún sí Ọdún

Iṣẹ́ tí mo gbé lé ara mi lọ́wọ́ ni láti to àwọn fọ́tò kéékèèké tí Olorì Emma ti Hawaii kó jọ, ti òun fúnra rẹ̀, ti ọkọ àti ọmọ rẹ̀, ti àwọn ìjòyè àti ọ̀rẹ́, kí èyí tó pẹ́ jù ṣíwájú, kí èyí tó dé kẹ́yìn gbẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ọjọ́ lára. Mi ò dé Honolulu, olú ìlú Hawaii. Àwọn àwòrán ìdílé ọba tí ilé ìtọ́jú ìwé ìjọba, tó wà nínú ọgbà ààfin ʻIolani, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo lò, pẹ̀lú ìwé ìròyìn ìgbà náà bíi Ka Nupepa Kuokoa àti Pacific Commercial Advertiser, tí àwọn náà ti wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà.

Ẹni tó bá fẹ́ to fọ́tò obìnrin yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìtàn rẹ̀. Ọdún 1836 ni wọ́n bí i. Grace Kamaʻikuʻi, tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ló gbà á tọ́, òun àti ọkọ rẹ̀, Dókítà Rooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ Ọba Kamehameha IV ní 1856. Wọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo, Albert, ní 1858. Ọmọ náà kú ní August 1862, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ni. Ọba tẹ̀ lé e ní November 1863. Kí Emma tó pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ti sin ọkọ, ó ti sin ọmọ. Ìdí nìyí tí aṣọ dúdú fi pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn àwòrán rẹ̀.

Irú fọ́tò tí mò ń sọ yìí, tí wọ́n ń pè ní carte de visite (káàdì ìbẹ̀wò), Disdéri, ayàwòrán kan ní Paris, ló gba àṣẹ lé e ní 1854. Kámẹ́rà rẹ̀ ní ojú púpọ̀, ó lè ya àwòrán mẹ́jọ sórí awo gíláàsì kan. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí wọ́n ti fi funfun ẹyin pa, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí tí kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí mẹ́wàá lọ. Ó dínwó, ó fúyẹ́, ó ṣeé fi sínú lẹ́tà. Àwọn ènìyàn ń fi tiwọn tọrẹ, wọ́n ń gba ti ẹlòmíràn, wọ́n sì ń kó wọn sínú álíbọ́ọ̀mù. Ọba àti mẹ̀kúnnù ló ń ṣe é.

Mo ya tábìlì kan sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé àyè ọjọ́ méjì ni mo dá sí i: ọ̀kan fún ọjọ́ tí ẹni náà jókòó síwájú kámẹ́rà, èkejì fún ọjọ́ tí wọ́n tẹ páálí. Méjèèjì lè má bá ara wọn mu. Ayàwòrán lè gbé fọ́tò àtijọ́, kó tún un yà, kó sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ páálí tuntun tó ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn aráàlú lè máa wá àwòrán ọba tó ti kú. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìn káàdì nìkan á sọ pé 1868, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ti wà ní ibojì láti 1863.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ara páálí. Páálí tí igun rẹ̀ mú sábà máa ń jẹ́ ti ṣáájú 1870, èyí tí wọ́n gé róbótó sábà máa ń jẹ́ ti lẹ́yìn ìgbà náà. Èyí tó tóbi tó sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá sí mẹ́tàdínlógún kò lè ṣáájú ọdún 1866 tàbí àyíká rẹ̀, torí ìgbà náà ni irú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni mo yí i padà wo orúkọ ayàwòrán. H. L. Chase àti M. Dickson wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Honolulu, J. J. Williams sì ra ṣọ́ọ̀bù Dickson ní 1882. Mo wá ìpolówó wọn nínú ìwé ìròyìn, mo kọ àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ ìwé ìròyìn náà, mo fi wé èyí tó wà lẹ́yìn káàdì.

Òǹtẹ̀ owó orí ló dùn mọ́ mi jù. Ìjọba Amẹ́ríkà ń gba owó orí lórí fọ́tò láti 1864 títí di ọjọ́ kìíní August 1866, nítorí gbèsè ogun abẹ́lé wọn, wọ́n sì ń lẹ òǹtẹ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn káàdì. Hawaii ní ọba tirẹ̀ nígbà náà, kò kàn án. Káàdì tó bá ní òǹtẹ̀ yìí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tà á, láàárín ọdún méjì péré. Olorì Emma fúnra rẹ̀ gba Amẹ́ríkà kọjá nígbà tó ń ti Yúróòpù bọ̀, Ààrẹ Andrew Johnson sì gbà á ní àlejò ní Washington ní August 1866. Owó orí ti kúrò nílẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, bí káàdì bá ní òǹtẹ̀, kì í ṣe ìrìn-àjò yẹn ni wọ́n ti yà á.

Nígbà náà ni mo tó kọjú sí ojú àwòrán. Ṣáájú káàdì bébà, orí bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò ni wọ́n ń ya fọ́tò sí. Hugo Stangenwald ń yà á ní Honolulu láti 1853. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń yí ọ̀tún padà sí òsì, bí ìgbà tí èèyàn bá wo dígí. Bí wọ́n bá wá tún un yà sórí bébà, yíyí náà kò ní kúrò. Mo wo bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọn ọkùnrin: apá òsì ẹ̀wù ló yẹ kó borí. Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló borí, mo fura pé ẹ̀dà fọ́tò bàbà ni, mo sì ti ọjọ́ ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn. Mo wo àmì ẹ̀yẹ náà: Ọba Kamehameha V dá àmì ẹ̀yẹ tó ń jẹ́ orúkọ Kamehameha Kìíní sílẹ̀ ní 1865, Ọba Kalākaua dá èyí tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1874. Ẹni tó bá fi ọ̀kan nínú wọn kọ́ àyà kò lè ti yà á ṣáájú ọdún wọ̀nyí.

Orúkọ náà ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, Emma ń fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú orúkọ Kaleleonālani. Lydia Dominis di Liliʻuokalani nígbà tí wọ́n fi í ṣe àrólé ọba ní 1877. Ẹni tó kọ orúkọ sí káàdì lè kọ ọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nítorí náà mo dá àyè kẹta sílẹ̀ fún ọwọ́ ìkọ̀wé.

Ìlú London ló fi bó ṣe yẹ kí irú àkọsílẹ̀ yìí rí hàn mí. Camille Silvy, ayàwòrán kan níbẹ̀, ní ìwé ìkọsílẹ̀ níbi tó ń lẹ ẹ̀dà gbogbo àwòrán rẹ̀ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà àti orúkọ. Ìwé náà wà ní National Portrait Gallery. Ìdí nìyí tí a fi mọ̀ pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún September 1862 ni Àìná, ọmọbìnrin Ẹ̀gbádò tí wọ́n ń pè ní Sarah Forbes Bonetta, jókòó fún un, oṣù kan lẹ́yìn tó fẹ́ J. P. L. Davies ní Brighton. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ṣáájú ọjọ́ yẹn ni Albert kékeré kú ní Honolulu. Ọbabìnrin Victoria ni ìyá ìsàmì ọmọ náà, ó ti fi ife fàdákà ránṣẹ́ sí i. Òun kan náà ló di ìyá ìsàmì ọmọ tí Àìná bí ní 1863. Ní September 1865, ó gba Emma lálejò ní Windsor. Mo fi ọjọ́ wọ̀nyí sínú tábìlì kan náà, torí pé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó bá ń wá Àìná rí Emma pẹ̀lú.

Níbi tí ẹ̀rí méjì bá ti ta kora, mo kọ méjèèjì sílẹ̀, mo sì fi ibi tí mo ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí káàdì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè yí i padà, kó fojú ara rẹ̀ wò ó.