Òkúta Yìí Kò Gba Orúkọ Tí Mo Fún Un: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Dídá Mínírà Mọ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nípa mínírà (ohun líle tí ìṣẹ̀dá ṣe, tí òkúta fi ń kóra jọ) a máa rò pé iṣẹ́ ojú ni: wo òkúta, wo àwòrán inú ìwé, lẹ orúkọ mọ́ ọn, ó parí. Kì í pẹ́ tí òkúta fi ń já a ní irọ́. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ló máa ń jẹ yọ jù nígbà tí òkúta àti ìwé kò bá bára mu.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ní òkúta elésè-àlùkò kan tó mọ́ gaara. Mo pè é ní amethyst. Olùkọ́ mi wò ó, wọ́n ní fluorite ni. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àwọ̀ ni ẹ gbà gbọ́. Òun lojú kọ́kọ́ ń rí, òun náà ló sì máa ń purọ́ jù. Quartz tí kò ní àbùlà kò ní àwọ̀ rárá. Bí irin bíńtín bá wọ inú rẹ̀, tí ìtànṣán abẹ́ ilẹ̀ sì bà á fún ìgbà pípẹ́, ó di elésè-àlùkò, òun la wá ń pè ní amethyst. Fluorite ẹ̀wẹ̀ lè jẹ́ elésè-àlùkò, ó lè ní àwọ̀ ewé tàbí ti ìyeyè, ó sì lè má ní àwọ̀ kankan. Ẹ wo corundum: chromium díẹ̀ sọ ọ́ di ruby pupa, irin àti titanium sọ ọ́ di sapphire aláwọ̀ ojú ọ̀run. Mínírà kan náà ni, aṣọ ló pààrọ̀.

Ọ̀bẹ ni kì bá ti yanjú ọ̀rọ̀ yín. Lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs, onímọ̀ mínírà ará Jámánì, gbé kalẹ̀ ní 1812 (1 ló rọ̀ jù, 10 ló le jù), ipò 4 ni fluorite wà, ọ̀bẹ irin sì wà ní nǹkan bí 5.5, nítorí náà ọ̀bẹ á fa ìlà sí i lára. Quartz wà ní ipò 7. Ọ̀bẹ kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Mi ò sọ pé gbogbo àwọ̀ ló ń purọ́ o. Àwọ̀ ewé ni malachite máa ń ní nígbà gbogbo, nítorí pé bàbà tó fún un ní àwọ̀ wà nínú fọ́múlà rẹ̀ (àkọsílẹ̀ ohun tó para pọ̀ di mínírà náà) gan-an. Àwọ̀ tó ti inú fọ́múlà wá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí tó bá ìdọ̀tí wọlé kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìbéèrè: Mo fi mínírà kan fa ìlà sórí gíláàsì. Ìlà funfun hàn kedere, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó le ju gíláàsì lọ. Gbogbo àyẹ̀wò tó kù ló ta ko èyí.

Ìdáhùn: Ẹ fi omi ra àtàǹpàkò, kí ẹ fi nu ìlà náà. Mo mọ̀ pé á nù kúrò. Ìyẹ̀fun mínírà yín ló kù sórí gíláàsì; gíláàsì ló ha òkúta, òkúta kò ha gíláàsì. Ìlà tòótọ́ kì í nù, bí ẹ bá sì fa èékánná gba orí rẹ̀ kọjá, èékánná á mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀.

Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ débi pé mi ò gba àyẹ̀wò líle kankan gbọ́ tí wọn kò bá ṣe é lọ àti bọ̀: kí A gbìyànjú lára B, kí B náà gbìyànjú lára A.

Ohun mìíràn tún wà tó ń da àyẹ̀wò yìí rú. Bí òkúta bá jẹ́ àkópọ̀ ẹyọ kéékèèké, ọ̀bẹ lè máa hú ẹyọ kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láì fa ìlà sí ìkankan lára, ẹ ó sì rò pé mínírà náà rọ̀. Bí òjò àti oòrùn bá ti jẹ ojú òkúta, ara tó ti bàjẹ́ lẹ ń yẹ̀ wò. Ẹ fọ́ ọ, kí ẹ dán ojú tuntun wò. Kyanite sì wà tó jẹ́ aláìgbọràn láti inú wá: bí ẹ bá fa ìlà lọ ní òró rẹ̀, líle rẹ̀ kò ju nǹkan bí 5 lọ, bí ẹ bá fà á ní ìbú, ó di nǹkan bí 7.

Ẹ má sì ka ipò Mohs sí ìwọ̀n. Bí ipò ọmọ ní kíláàsì ni. Ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní fi máàkì mélòó ju ìkejì lọ? Ipò kò sọ ìyẹn. Corundum jẹ́ 9, dáyámọ́ńdì jẹ́ 10, síbẹ̀ dáyámọ́ńdì le ju corundum lọ ní ìlọ́po mélòó kan.

Ìbéèrè: Ìwé ní hematite pupa. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi dúdú, ó sì ń dán bí irin. Ṣé wọ́n fún mi ní òmíràn ni?

Ìdáhùn: Ẹ wá táìlì, kí ẹ yí i dà sí ẹ̀yìn níbi tí kò ní dídán, kí ẹ fi òkúta náà fa ìlà síbẹ̀. Bí ìyẹ̀fun rẹ̀ bá pupa bí ìpẹtà, hematite ni. Bó bá dúdú, ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ magnetite. Àyẹ̀wò kan náà ló ń tú àṣírí pyrite tó ń ṣe bí wúrà: ìyẹ̀fun wúrà ní àwọ̀ wúrà, ti pyrite dúdú mọ́ àwọ̀ ewé.

Ibi tí táìlì ti ń tan ènìyàn jẹ rèé: mínírà tó bá le ju nǹkan bí 7 lọ ló máa ha táìlì fúnra rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ rí, ti táìlì ni. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Quartz mi ní ojú mẹ́fà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ ìwé ní kì í là. Ojú wo wá nìyẹn?

Ìdáhùn: Ojú ìdàgbà ni. Bí kírísítálì ṣe ń dàgbà ló fi ojú náà lélẹ̀. Ẹ fọ́ quartz náà (ẹ fi nǹkan bo ojú yín), ẹ ó rí i pé kò là, ṣe ló fọ́ bíi ìsàlẹ̀ ìgò, pẹ̀lú ìlà tó tẹ̀ kọdọrọ bíi ti inú ìkarahun. Lílà àti fífọ́ yàtọ̀ síra. Mínírà tó ń là máa ń là síbi kan náà ní gbogbo ìgbà, torí pé níbẹ̀ ni ìdè àárín àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ti lágbára. Mica ń là sí apá kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣí bí ewé ìwé. Feldspar ń là sí apá méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé bí igun àpótí. Iyọ̀ àti calcite ń là sí apá mẹ́ta, ṣùgbọ́n ti iyọ̀ dúró ṣánṣán, ti calcite dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àpótí tí ẹnìkan tì. Fluorite ń là sí apá mẹ́rin.

Bí ẹ kò bá fẹ́ fọ́ ọ, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ojú lílà a máa tún ara rẹ̀ ṣe bí àtẹ̀gùn kéékèèké, gbogbo wọn á sì tan ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ìdàgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ìwé ní mínírà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun líle tí ìṣẹ̀dá ṣe, tó ní fọ́múlà, tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ sì tò létòlétò. Mo fi wọn yìnyín, èédú ilẹ̀, epo rọ̀bì àti péálì wò, orí mi dàrú.

Ìdáhùn: Èdè wa ló fa díẹ̀ nínú rẹ̀. "Àlùmọ́nì" ni à ń pe gbogbo ohun iyebíye tí a bá wà jáde láti inú ilẹ̀, ó sì fẹ̀ ju mínírà lọ. Epo rọ̀bì jẹ́ àlùmọ́nì, kì í ṣe mínírà: ó ń ṣàn, kò sì ní fọ́múlà kan pàtó. Èédú ilẹ̀ náà kò kúnjú òṣùwọ̀n, òkú igi àti ewé tí ilẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, kò ní ìtò. Yìnyín orí òkè jẹ́ mínírà gidi. Èyí tí fíríìjì ṣe kì í ṣe mínírà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè fi ojú yà wọ́n. Obsidian, gíláàsì tí òkè ayọnáyèéfín ń tú jáde, ní gbogbo rẹ̀ àfi ìtò: ó tutù kíákíá débi pé átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ráyè jókòó sí ìlà.

Péálì nira díẹ̀. Aragonite ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìtò sì wà, ṣùgbọ́n ẹran omi ló ṣe é. Èmi a máa ní kí wọ́n kọ ọ́ pé "aragonite tí ẹ̀dá oníyè ṣe", kí a kọjá lọ. Mercury tó ń ṣàn náà wà nínú àkójọ mínírà, ojú àánú ni wọ́n fi wò ó.

Ẹ kíyè sí "fọ́múlà" yẹn dáadáa. Kò túmọ̀ sí pé iye kò lè yẹ̀. Nínú mínírà tí wọ́n ń pè ní olivine, irin àti magnesium ń gba ìjókòó kan náà, ọ̀kan lè pọ̀ ju èkejì lọ bó bá ṣe wù ú. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni iye ìjókòó.

Ìbéèrè: Graphite àti dáyámọ́ńdì, kábọ́ọ̀nù kan náà. Kí ló dé tí wọn kì í ṣe mínírà kan, nígbà tí ruby àti sapphire jẹ́ ọ̀kan?

Ìdáhùn: Torí pé ìtò wọn yàtọ̀. Nínú dáyámọ́ńdì, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin mú yíká. Nínú graphite, wọ́n tò ní pẹlẹbẹ lórí ara wọn, pẹlẹbẹ náà sì ń yọ̀. Ó tó láti sọ ọ̀kan di ipò 10, kí èkejì máa ya ìlà sórí bébà. Ruby àti sapphire kò yàtọ̀ ní ìtò, ìdọ̀tí inú wọn ló yàtọ̀.

Ìbéèrè: Irin wà nínú pyrite, hematite àti siderite. Kí ló dé tí wọ́n fi fọ́n wọn ká sí agbo mẹ́ta?

Ìdáhùn: Nítorí pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ irin ni wọ́n ti ń ka ìdílé. Ohun tí irin so pọ̀ mọ́ ni wọ́n ń wò. Pyrite so mọ́ imí ọjọ́, sulfide ni. Hematite so mọ́ ọ́síjìn, oxide ni. Siderite so mọ́ kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn, carbonate ni. Ẹ gbé siderite sí ẹ̀gbẹ́ calcite, tó jẹ́ carbonate bíi tirẹ̀, ẹ ó rí i pé bákan náà ni wọ́n ṣe ń là. Pyrite sì jọ galena, tó jẹ́ òjé àti imí ọjọ́, ju bó ṣe jọ hematite lọ. Berzelius, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Sweden, ló ti rí èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, James Dwight Dana, onímọ̀ mínírà ará Amẹ́ríkà, sì tò ó bẹ́ẹ̀.

Àwọn silicate ló tóbi jù, wọ́n kó ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún èèpo ilẹ̀ ayé. Sílíkọ́nì kan láàárín ọ́síjìn mẹ́rin ni bíríkì wọn, bí bíríkì náà ṣe so kọ́ra ló sì ń ya wọ́n nípa: olivine dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, pyroxene so bí ẹ̀wọ̀n, mica tẹ́ bí ẹní, quartz àti feldspar so yíká lọ́tùn-ún lósì. Nísinsìnyí ẹ lè rí ìdí tí mica fi ń ṣí bí ìwé.

Bí ìwé kan bá fi quartz sáàárín oxide, tí òmíràn fi sáàárín silicate, kò sí èyí tó ṣìnà. Fọ́múlà ni ti àkọ́kọ́ tẹ̀ lé, ìtò ni ti èkejì. Ọ̀dọ̀ ìtò lèmi wà.

Ìbéèrè: Mo kán fínígà sórí òkúta tó yẹ kó jẹ́ calcite, kò hó.

Ìdáhùn: Ásíìdì ló ń mú calcite hó, ásíìdì inú fínígà kò sì lágbára. Ẹ ha á di ìyẹ̀fun, kí ẹ tún un kán, kí ẹ fi awò wò ó. Ásíìdì hydrochloric tí a là sómi ló dára jù, lábẹ́ ojú olùkọ́. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun nìkan ló hó nínú ásíìdì yẹn, tí odidi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hó, dolomite, carbonate mìíràn tó jọ calcite, ni kí ẹ fura sí.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Méjì ṣì kù tí mi ò mọ̀.

Ìdáhùn: Kò burú. Mínírà tí wọ́n ti fọwọ́ sí lágbàáyé ti lé ní 6,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọ̀bẹ àti táìlì kò lè yà sọ́tọ̀. X-ray ni wọ́n fi ń rí ìtò wọn, láti ìgbà tí Max von Laue àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 1912 pé kírísítálì ń tú u ká. Bí ẹ bá dé "plagioclase" (ẹ̀yà feldspar kan) tí ẹ kò lè kọjá ibẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ kọ líle, àwọ̀ ìyẹ̀fun, bó ṣe ń là àti ibi tí ẹ ti rí i sórí káàdì. Ẹ fi orúkọ ṣe ìkẹyìn, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́.