Bí mo ṣe yẹ ìbọn ọdẹ tí a kọ́ sórí irin ìbọn ológun wò ní Abẹ́òkúta

Ẹbí ọdẹ kan ní Aké ní ìbọn oníbọ́ọ̀tì kan tí gbogbo wọn ń pè ní ìbọn ológun. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ mọ̀: ta ló ṣe é, irú kátíríìjì wo ló ń jẹ, ṣé irin rẹ̀ ṣì le? Ọ̀nà tí mo gbà wá ìdáhùn ni mo kọ síbí, nítorí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ lórí àjà ilé àwọn ọdẹ.

Ìwé àṣẹ ni mo kọ́kọ́ béèrè. Òfin Ìbọn ti 1959 kò ka ṣakabùlà àti ráìfù sí ọ̀kan náà, nọ́ńbà ara irin sì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Ó bá a mu. Ṣùgbọ́n "8mm" lásán ni wọ́n kọ síbi ìwọ̀n ẹnu ìbọn, bẹ́ẹ̀ 8mm ju ẹyọ kan lọ.

Mo ṣí bọ́ọ̀tì, irin tí à ń fà sẹ́yìn tì síwájú láti ki kátíríìjì, mo wo ilé ọta, mo sì ki ìka kékeré bọ ibi tí kátíríìjì ń jókòó. Ojú máa ń tanni nínú ihò òkùnkùn. Ìka kì í tanni. Lẹ́yìn náà mo yọ bọ́ọ̀tì pátá. Lára Mauser, irú ìbọn Jámánì kan, irin pẹlẹbẹ kan wà ní apá òsì lẹ́yìn. Ẹ fà á síta, bọ́ọ̀tì á tẹ̀ lé ọwọ́ yín. Aṣọ rírọ̀ àti òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo fi nù ún. Kò sí sáńdípépà, kò sí Brasso: àmì tí à ń wá kò jìn nínú irin, fífọ́ kan ṣoṣo lè pa á rẹ́.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sára ọ̀pá ìbọn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tà á tàbí ẹni tó pààrọ̀ ọ̀pá ló sábà ń kọ orúkọ síbẹ̀. Ilé bọ́ọ̀tì ni kí ẹ wò, ìyẹn irin tí bọ́ọ̀tì ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ nínú rẹ̀. Òun ló ń sọ ìdílé tí ìbọn ti wá.

Bí igi rẹ̀ bá pín sí méjì tí irin sì wà láàárín, tí ilé ọta yọ ikùn nísàlẹ̀ tó ń gba mẹ́wàá, Lee-Enfield ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ yẹ apá ọ̀tún irin àárín yẹn wò: adé ọba, orúkọ ilé iṣẹ́ bí Enfield tàbí BSA, àti ọdún ló máa ń wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ bọ́ọ̀tì bá wọ́ sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ ajá, Pattern 14 tàbí M1917 ni, tí Winchester, Remington àti Eddystone ṣe ní Amẹ́ríkà. Èyí tí wọ́n sọ di ìbọn ọdẹ kì í ní etí irin méjì tó ń ṣọ́ ojú ìfojúsùn ẹ̀yìn mọ́. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ á sì tẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. W, RE tàbí ERA lórí ilé bọ́ọ̀tì Pattern 14 á sọ ilé iṣẹ́ tó ti jáde. Springfield 1903 ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí. Tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré sí 800,000, ẹ gbé e kọ́ ògiri, ẹ má yìn ín. Wọ́n fi iná sun irin ọ̀pọ̀ nínú wọn jù, ó lè fọ́ bí àwo.

Ti Aké yìí, Mauser 1898 ni. Eyín ńlá méjì wà ní iwájú bọ́ọ̀tì, ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn tí yóò di bọ́ọ̀tì mú bí ti iwájú bá já. Èékánná irin gígùn kan ń gbá ìdí kátíríìjì mú látìgbà tó ti jáde nínú ilé ọta. Ihò méjì wà lára bọ́ọ̀tì tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà sá bí ìdí kátíríìjì bá bẹ́, kó má bàa bá ojú ẹni tó ń yìn ín. Ìdènà rẹ̀, tí kì í jẹ́ kó yìn láìròtẹ́lẹ̀, ní ipò mẹ́ta. Bí ẹ bá ń gbé ọwọ́ bọ́ọ̀tì sókè, ẹ óò rí i pé ó wúwo, nítorí ìgbà yẹn ni sípíríǹgì ń káká. Lára Mauser 1896 ti Sweden, ìgbà tí ẹ bá ń tì í síwájú ló ń wúwo, kò sì ní eyín kẹta. Ẹni tí kò rí àmì kankan kà lè fi ọwọ́ nìkan ya àwọn méjèèjì.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ológun ló kọ́kọ́ lò ó? Ibi tí wọ́n gé sí ògiri òsì ilé bọ́ọ̀tì, kí àtàǹpàkò jagunjagun lè ráyè tẹ ọta márùn-ún wọlé lẹ́ẹ̀kan, ṣì wà. Òrùka iwájú ilé bọ́ọ̀tì fẹ̀ tó milimítà 35.8 lẹ́nu vernier, irin ìwọ̀n tó ń ka ìdá milimítà. Ìwọ̀n òrùka ńlá nìyẹn. Òrùka kékeré jẹ́ 33. Wọ́n ti fi fáìlì fá àmì orí òrùka, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, òjìji adé kan àti 1917 yọ. Lápá òsì, ìdajì "Gew. 98" ṣì hàn, ìyẹn ìbọn àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Jámánì.

Kí n tó tú igi, mo rí sukudíréfà tó kún ojú ìdè dáadáa. Sukudíréfà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jẹ ojú ìdè àwọn ìbọn wọ̀nyí. Ìdè kékeré méjì ló ń ṣọ́ ńlá méjì nísàlẹ̀. Ẹ yọ kékeré kí ẹ tó yọ ńlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ńlá kò ní yí. Abẹ́ ọ̀pá ni ìtàn ti yí padà: adé lórí B, U, G àti N. Ilé ìdánwò ìbọn Jámánì ló tẹ̀ wọ́n. G túmọ̀ sí pé ọ̀pá ní ìlà oníyípo nínú, N sì ni ìdánwò fún ẹ̀tù aláìléèéfín. Láti 1940, idì rọ́pò adé. "9 26" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: oṣù kẹsàn-án, 1926. Irin ogun, ọ̀pá àlàáfíà. Lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́, ilé bọ́ọ̀tì ológun kún ilẹ̀ ní Jámánì, àwọn oníṣẹ́ ìbọn ìlú Suhl sì ń rà á láti fi kọ́ ìbọn ọdẹ.

Ó ku 8mm. Irú ọta rẹ̀ méjì ló wà: J àtijọ́ fẹ̀ tó milimítà 8.08, S fẹ̀ tó 8.20. Ẹni tó bá fi S sínú ọ̀pá J ti ki ọta bọ ihò tó fún un pọ̀. Agbára inú á ga ju ohun tí irin gbà lọ. Mo ra òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, nítorí òjé inú bátìrì ọkọ̀ ti le jù. Mo rọ ọ́ di kóró tó tóbi díẹ̀ ju ihò, mo fi òróró pa inú ọ̀pá, mo sì fi igi àti òòlù onígi gbá a láti ẹnu títí tó fi jáde lẹ́yìn. Ìlà mẹ́rin ló wà, wọ́n dojú kọra, nítorí náà vernier lè wọ̀n ọ́n tààrà. Ti Lee-Enfield sábà ń jẹ́ márùn-ún, ẹ kò lè wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ 8.21: S ni.

Ìyẹn kò tó. Lẹ́yìn ogun yẹn, àwọn ará Jámánì sá fún kátíríìjì ológun, wọ́n sì fẹ ilé kátíríìjì ọ̀pọ̀ irú ìbọn yìí sí 8x60 S, tó gùn tó milimítà 60. Mo dí ọ̀pá níwájú ilé kátíríìjì pẹ̀lú aṣọ, mo yọ́ imí-ọjọ́ lórí iná jẹ́jẹ́ ní ìta gbangba, mo dà á sínú rẹ̀, mo sì tì í jáde nígbà tó dì. Iná líle ń sọ imí-ọjọ́ di dúdú, ó sì lè gbiná. Èéfín rẹ̀ ń pa ọ̀fun. Gígùn rẹ̀ jẹ́ milimítà 57. Nítorí náà, 8x57 S ni wọ́n yóò ní kí ọ́fíìsì kọ sínú ìwé.

Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n lu ọwọ́ bọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ bí ọ̀bẹ bọ́tà, ìdajì ọ̀pá ní ojú mẹ́jọ, ìwo ẹfọ̀n ni wọ́n fi ṣe ìdáàbòbò ìfà, ibi tí ìka ń fà láti yìnbọn. Ìfà méjì ló ní: ti ẹ̀yìn ń dẹ ẹ́, ti iwájú á sì já bí ẹ bá fi ẹ̀mí kàn án. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ti yìnbọn láìròtẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má dẹ ẹ́ bí ìbọn kò bá tíì kọjú sí ẹran.

Àléébù rẹ̀: igi ya díẹ̀ lẹ́yìn ìrù ilé bọ́ọ̀tì, ibi tí ìbọn ń tì sẹ́yìn sí nígbà tó bá dún, ìpata sì jẹ ojú ilé kátíríìjì. Ọta àtijọ́ ló fà á, torí ohun tó ń tanná ní ìdí kátíríìjì rẹ̀ ń fi iyọ̀ sílẹ̀. Òróró kì í tú iyọ̀, omi gbígbóná ló ń tú u, lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi òróró pa á. Ohun tí mo bẹ ẹbí náà jù ni pé kí wọ́n má gbé ilé bọ́ọ̀tì tàbí bọ́ọ̀tì lọ fún alágbẹ̀dẹ láti fi iná tún un ṣe. Awọ líle irin yìí kò nípọn, iná sì ń sọ ọ́ di rírọ̀. Eyín bọ́ọ̀tì á máa jẹ ihò rẹ̀, àlàfo á sì pọ̀ lẹ́yìn kátíríìjì. Mo ní kí wọ́n má yìn ín títí oníṣẹ́ tó ní ìwọ̀n àlàfo náà yóò fi wò ó.

Ní àkókò òjò Abẹ́òkúta, àpò aṣọ ń mu omi, kí wọ́n má gbé e sínú rẹ̀. Kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀ kí òróró má bàa ṣàn wọ igi tó ti ya. Bọ́ọ̀tì wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ìbọn wà ní yàrá mìíràn.