Bí A Ṣe Ń Kápá Àgbàrá Níbi Ìkọ́lé Kó Má Baà Wọ́ Yẹ̀pẹ̀ Lọ

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé tí wọ́n bá ti ta aṣọ dúdú tí wọ́n ń pè ní silt fence yí sáìtì ká, ọ̀ràn àgbàrá ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ sẹ́ omi bí asẹ́. Ńṣe ló ń dá omi dúró lẹ́yìn ara rẹ̀ kí yẹ̀pẹ̀ lè rí àyè rọlẹ̀. Iyanrìn á tètè rọlẹ̀, àmọ́ amọ̀ tó kúnná lè wà nínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, á sì bá omi kọjá. Òkè ni iṣẹ́ gidi wà, níbi tí òjò ti ń bá ilẹ̀.

Kí katapílà tó wọlé, ẹ pín ilẹ̀ náà sí abala. Abala tí iṣẹ́ yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nìkan ni kí ẹ ro. Ẹ fi koríko ìyókù sílẹ̀, pàápàá ní ìsàlẹ̀ níbi tí omi ń gbà jáde.

Omi tó ń ti ilẹ̀ ẹlòmíràn ṣàn wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lè mọ́ nígbà tó ń bọ̀. Inú sáìtì yín ló ti máa di ẹrẹ̀. Ẹ kọ ebè tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí etí òkè ilẹ̀ náà, kí poro rẹ̀ wà níhà ibi tí omi ti ń bọ̀, kí poro náà sì máa lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí mítà 1 lórí gígùn mítà 100. Bó bá dagẹ̀rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, omi á gbẹ́ poro náà di kòtò. Ẹ gún ebè náà ní ìpele-ìpele, torí èyí tó bá rọ̀ ni omi máa ń já. Orí koríko tó nípọn tàbí òkúta ni kí ẹnu poro já sí. Omi yẹn kì í ṣe kékeré: òjò sẹ̀ǹtímítà 1 péré lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 50, tó fẹ̀ ní mítà 20, jẹ́ lítà 10,000.

Lẹ́yìn náà, ẹ bo ilẹ̀. Ẹ̀kán òjò ló ń bẹ̀rẹ̀ ìbàjẹ́ yìí: á fọ́ yẹ̀pẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà á dí ojú ihò ilẹ̀, omi ò ní rí ibi rì sí mọ́, ló bá di pé ó ń ṣàn. Koríko gbígbẹ bí ìdajì kìlógíráàmù tó ibi tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1. Abala tí iṣẹ́ bá kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fọ́n irúgbìn koríko sí i, kí ẹ sì bò ó. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ ńkọ́? Tapólì ni kí ẹ fi bò ó, kí ó sì jìnnà sí gọ́tà.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ ṣọ́ bí katapílà ṣe ń rìn. Kí ó máa gòkè, kí ó máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ àwọn ìlà kéékèèké tó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ìlà kọ̀ọ̀kan á sì dá omi díẹ̀ dúró. Bí awakọ̀ bá ń wà á lọ wà á bọ̀ ní ìbú, ìlà wọ̀nyẹn á kọjú sísàlẹ̀. Ó ti lànà fún àgbàrá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kan silt fence báyìí. Ẹ gbẹ́ kòtò tóóró tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ ri ìsàlẹ̀ aṣọ sínú rẹ̀, ẹ rọ yẹ̀pẹ̀ padà, kí ẹ gún un dáadáa. Àwọn tí kò fẹ́ gbẹ́lẹ̀ máa ń gbé òkúta lé etí aṣọ lásán. Òjò àkọ́kọ́ ló máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìhà ìsàlẹ̀ aṣọ ni òpó ń wà, kí omi lè máa ti aṣọ mọ́ ọn, àlàfo òpó méjì kò sì gbọdọ̀ ju mítà 2. Ẹ fi rọ́bà ìwọn omi tí àwọn bíríkìlà ń lò wá ìlà tó dọ́gba, torí bí apá kan bá rẹlẹ̀, gbogbo omi á kó jọ síbẹ̀, á sì ya aṣọ. Ẹ tẹ ìpẹ̀kun méjèèjì sókè kí omi má baà gba ẹ̀gbẹ́ yọ. Mítà 30 aṣọ yìí kò lè gba omi ilẹ̀ tó ju ìdámẹ́wàá hẹ́kítà lọ. Bí ẹrẹ̀ bá ti dé ìdá kan nínú mẹ́ta gíga aṣọ, ẹ kó o kúrò.

Ẹ má ta aṣọ yìí dábùú kòtò tí omi ń ya gbà. Òkúta ló tọ́ síbẹ̀. Kí ìdènà òkúta má ga ju sẹ̀ǹtímítà 60, kí àárín rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15. Bí àárín bá ga, omi á jẹ bèbè kòtò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹsẹ̀ ìdènà tòkè àti orí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ọgbọọgba: bí kòtò bá ń lọ sílẹ̀ ní mítà 4 lórí mítà 100, ìdènà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 60 á jìnnà síra ní mítà 15.

Táyà ọkọ̀ náà ń kó yẹ̀pẹ̀ jáde. Ẹ tẹ́ aṣọ geotextile, ìyẹn aṣọ líle tí omi lè gbà kọjá, sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ da òkúta tó tóbi ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 lé e, kó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, kó sì gùn ní mítà 15. Láìsí aṣọ yẹn, òkúta á rì sínú ẹrẹ̀. Èyí tó bá ṣì dé títì, ẹ gbá a. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ wọ gọ́tà. Omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀rọ ìpo kọnkéré tún burú ju ẹrẹ̀ lọ, torí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ ń jó ara, ó sì ń pa ẹja. Kòtò tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá nínípọn sí ni kí ẹ dà á sí, kí ó gbẹ síbẹ̀.

Ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àti lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá. Bí ẹ bá rí ilẹ̀ tó lu lábẹ́ aṣọ, ẹ má kàn dí ihò náà. Ẹ wo òkè, ẹ wá ibi tí omi ti ń kó jọ. Bí koríko bá ti bo bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ kó ẹrẹ̀ ẹ̀yìn aṣọ kúrò, kí ẹ tó fa òpó tu, lẹ́yìn náà ẹ dí kòtò rẹ̀, kí ẹ fọ́n irúgbìn sí i.