Bí Mo Ṣe Yan Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti Sípánà fún Ford Ọdún 1940

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́, nọ́ńbà lásán ni a sì fi ń pe sípánà níbẹ̀. Tí ọ̀gá bá nawọ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀ tó ní "Mẹ́tàlá!", ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé mẹ́tàlá kí ni, nítorí pé ọkọ̀ Japan àti ti Jámánì ló kún ọgbà wa, milimítà ni wọ́n sì fi wọn bọ́ọ̀tì wọn. Ìmọ̀ yìí ni mo gbé dé Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, òun náà ló sì fẹ́ dójú tì mí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí bàbá kan tó ń gbé ní òpópónà wa bẹ̀ mí pé kí n bá òun pààrọ̀ tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òun, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó ń dí àárín ẹ́ńjìnnì àti tọ́pù sílíńdà tó dé e lórí.

Ford onílẹ̀kùn méjì ti ọdún 1940 ni ọkọ̀ náà. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì tó bá a wáyé kúrò, wọ́n sì ti fi Chevrolet 350 onísílíńdà mẹ́jọ rọ́pò rẹ̀. Irú ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n tú, tí wọ́n sì tún tò kí ó lè máa sáré báyìí, ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní hot rod. Gúúsù California ni àṣà náà ti gbilẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ọkọ̀ díje lórí ilẹ̀ adágún gbígbẹ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Ohun tó kan ẹni tó fẹ́ ra irinṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ara ọkọ̀ kan ṣoṣo lè ti ọ̀dọ̀ ìyá mẹ́ta wá. Lára ti bàbá yìí, férémù jẹ́ ti Ford 1940, ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti àwọn ọdún 1970, alternator tó ń fún bátìrì níná sì jẹ́ ti ayé òde òní.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, àpótí irinṣẹ́ oní-milimítà mi ni mo gbé dání, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi páìpù tó ń gbé èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 14, ìyẹn ife irin tí a fi ń bo orí bọ́ọ̀tì, kọ̀, kò wọlé. 15 wọlé, ṣùgbọ́n ó ń mì lórí bọ́ọ̀tì bí bàtà àgbà lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Ó yẹ kí n dáwọ́ dúró níbẹ̀, àmọ́ mo fi gbogbo agbára ti ọwọ́ rátíṣẹ́ẹ̀tì, irin tí a fi ń yí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀tì kò yí rárá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló yí lórí rẹ̀, nígbà tí mo sì yọ ọ́ wò, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti di róbótó, ìyẹ̀fun irin sì ń dán nínú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì. Òòlù ni mo fi kan 14 wọ orí rẹ̀ tipátipá kí n tó rí i tú, odindi wákàtí kan ni mo sì fi ṣe é. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀. Àga rẹ̀ ló kàn rọra gbé sún mọ́ mi.

Lálẹ́, mo pe ọ̀gá mi ní Mushin. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kò sí nọ́ńbà kankan tó bá bọ́ọ̀tì yìí mu." Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ìwọ kò bá lọ́rì Bedford láyé iṣẹ́ ni," ó ní. "Oní-íǹṣì ni a fi ń tú u. Lọ wọn orí bọ́ọ̀tì náà kí o tó náwó sí ohunkóhun."

Ìmọ̀ràn yẹn ni mo tẹ̀ lé. Mo lo kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó, mo sì wọn orí gbogbo bọ́ọ̀tì tí mo máa fọwọ́ kàn, mo kọ wọ́n sínú ìwé kan. Ibẹ̀ ni ohun kan ti yé mi tí kì í tètè yé ẹni tí milimítà ti mọ́ lára: ìwọ̀n tí wọ́n fín sára sípánà jẹ́ ti orí bọ́ọ̀tì, láti ojú kan sí ojú kejì tó dojú kọ ọ́, kì í ṣe ti òpó rẹ̀. Bọ́ọ̀tì tí òpó rẹ̀ nípọn tó 3/8 íǹṣì, sípánà 9/16 ló ń tú u. Èyí tó jẹ́ 7/16, sípánà 5/8 ni tirẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀tì páìpù èéfín tó dójú tì mí jẹ́ 9/16, èyí tó jẹ́ milimítà 14.29, ìdí nìyẹn tí 14 fi há tí 15 sì fi ń mì. Lórí Chevrolet 350 yìí, ìdérí fáàfù gba 7/16, ibi tí kabúrétọ̀ jókòó lé gba 9/16, tọ́pù sílíńdà fúnra rẹ̀ sì gba 5/8. Òótọ́ ni pé 5/8 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá milimítà 16 dọ́gba, tí 3/4 náà sì sún mọ́ 19 pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n 13 lórí ìdajì íǹṣì jẹ́ ìwà ọ̀lẹ, nítorí pé 12.7 ni ìdajì íǹṣì.

Pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́, n kò ra àpótí ńlá oní-irinṣẹ́ igba tí olùtajà ń tì sí mi lọ́rùn, nítorí ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kàn mí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ojú mẹ́fà ni mo yàn, mo fi ojú méjìlá sílẹ̀. Ti ojú méjìlá rọrùn láti fi mú bọ́ọ̀tì ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bá igun ló ń tì. Ojú mẹ́fà ń ti pẹrẹsẹ ojú bọ́ọ̀tì, bọ́ọ̀tì tó sì ti ń jẹ ooru láti ọ̀pọ̀ ọdún kò fẹ́ ẹni tó máa tì í ní igun. Mo ra ti rátíṣẹ́ẹ̀tì 3/8 fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ (ìwọ̀n orí onígun mẹ́rin rátíṣẹ́ẹ̀tì tó ń wọ ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì nìyí, kì í ṣe ti bọ́ọ̀tì), mo sì ra díẹ̀ lára ti 1/2 fún tọ́pù sílíńdà àti táyà. Rátíṣẹ́ẹ̀tì eléyín 72 ni mo mú, nítorí pé dígírì 5 péré ni ọwọ́ rẹ̀ nílò láti sún kí ó tó mú eyín tó kàn, nígbà tí eléyín 36 ń gba dígírì 10. Ìyàtọ̀ yìí kéré lórí káńtà olùtajà, ṣùgbọ́n lápá òsì ẹ́ńjìnnì, níbi tí àpótí sítíárìn ti fún mọ́ páìpù èéfín, òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ ṣeé ṣe láìtú sítíárìn.

Sípánà tí ẹnu rẹ̀ ṣí lápá kan tó sì jẹ́ òrùka lápá kejì ni mo rà láti 3/8 dé 3/4, mo sì fi ẹyọ kan tó jẹ́ íǹṣì kan gbáko kún un. Ìdí rẹ̀ ni páìpù epo tó wọ kabúrétọ̀. Nọ́ọ̀tì 5/8 ló so páìpù náà mọ́ nọ́ọ̀tì ńlá kan tó jẹ́ íǹṣì kan, èèyàn sì gbọ́dọ̀ di ńlá mú kí ó tó tú kékeré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ méjèèjì á jọ yí, páìpù á sì lọ́. Nọ́ọ̀tì kékeré yìí jẹ́ idẹ, ó rọ̀. Sípánà ẹlẹ́nu ṣíṣí máa ń jẹ ẹ́. Èyí tó yẹ ẹ́ ni sípánà òrùka tí wọ́n gé lẹ́nu díẹ̀ kí páìpù lè gba àárín rẹ̀ kọjá, òun kan náà ni wọ́n fi ń tú páìpù bíréèkì. Òun ló wọ́n jù nínú gbogbo ohun tí mo rà, n kò sì kábàámọ̀.

Ìtúpalẹ̀ gba ọjọ́ kan, ìtòpadà gba méjì. Bọ́ọ̀tì 17 ló wà lórí tọ́pù sílíńdà kọ̀ọ̀kan, 7 gùn, 2 wà láàárín, 8 kúrú, wọ́n sì wọ inú ibi tí omi ń gbà, nítorí náà mo fi gọ́ọ̀mù ra ọ̀nà wọn kí omi má baà jò. Sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń fi bí a ṣe de bọ́ọ̀tì le tó hàn, ni mo fi dè wọ́n, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìgbà mẹ́ta, títí tó fi dé fúùtì-páùn 65. Ní ọgbà wa ní Mushin, apá ọ̀gá ni tọ́ọ̀kì wa. Apá tèmi kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Alternator ló kẹ́yìn. Mo gbé 9/16 lé bọ́ọ̀tì tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, kò wọlé. Mo gbé 5/8, ó ń mì. Bàbá náà tẹjú mọ́ mi láti orí àga rẹ̀. Mo bá ṣí àpótí tí mo gbé wá láti ilé, mo mú sọ́kẹ́ẹ̀tì 15 jáde, mo gbọn ìyẹ̀fun irin ọjọ́sí kúrò nínú rẹ̀, ó sì wọlé ṣinṣin.