Fọ́ọ̀mù 60 àti ọfà mẹ́ta: ènìyàn mélòó ló tó fún PLS-SEM?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ni mí. Ohun tó ń mú kí àwọn ìyá ọlọ́jà n'Ìbàdàn gbà kí oníbàárà fi fóònù sanwó ni mò ń wádìí. Nínú àwòrán iṣẹ́ mi (model), ọfà mẹ́ta, ìyẹn ohun mẹ́ta tí mo rò pé ó ń ní ipa, ni mo fà sí ìpinnu wọn: ìrọ̀rùn, ìfọkàntán, àti ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ṣe. Mo kà á pé kí n fi mẹ́wàá ṣe ìlọ́po iye ọfà, ìyẹn ènìyàn 30. Mo tiẹ̀ gba fọ́ọ̀mù 60. Nígbà tí mo gbé e sí SmartPLS, ètò kọ̀ǹpútà fún PLS-SEM (ọ̀nà ìṣirò tó ń wo bí ohun kan ṣe ń ní ipa lórí òmíràn), ọfà kan ṣoṣo ló yege. Agbára àwọn méjì yòókù jẹ́ 0.19 àti 0.16, p wọn (ìwọ̀n bí irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣèèṣì wáyé bí ọfà náà kò bá sí) sì ju 0.05 lọ. Súpáfáísọ̀ mi ní fọ́ọ̀mù mi kéré. Ṣebí wọ́n ní PLS dára fún ènìyàn díẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, súpáfáísọ̀ rẹ ò ṣì sọ. Òfin ìlọ́po mẹ́wàá yẹn wà nínú ohun tí Barclay, Higgins àti Thompson kọ ní 1995. Ó rọrùn, òun ló jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ọfà nìkan ló ń kà, kì í béèrè bí ọfà náà ṣe lágbára tó. Bí wọ́n bá ń lu gángan ní ọjà Bódìjà, kò sẹ́ni tí kò ní í gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ọjà kan náà, á sún mọ́ wọn, á sì pẹ́ níbẹ̀. Ọfà 0.16 rẹ, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni.

Ti pé PLS dára fún ènìyàn díẹ̀: òótọ́ ni pé yóò ṣiṣẹ́, kò ní í kọ̀ fún ẹ, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣírò model náà. Kó ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí kó ríran. Goodhue, Lewis àti Thompson dán an wò ní 2012, wọn ò rí i pé ó ní agbára àrà ọ̀tọ̀ kankan tí ènìyàn bá kéré.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe wá mọ iye tó tó, sà?

Ìdáhùn: Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Kock àti Hadaya, 2018. Mú 2.486, fi ọfà tó kéré jù tí o kò fẹ́ kó bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ pín in, kí o wá fi èsì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Fún 0.3, ènìyàn 69. Fún 0.2, 155. Fún 0.15, 275. Tó bá di 0.1, 619! Ìyẹn jẹ́ ní ìwọ̀n 5% (p tí kò tó 0.05), pẹ̀lú power 80%: bí ọfà náà bá wà lóòótọ́, wàá rí i nígbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ó tún dúró lórí pé o ti sọ ṣáájú bóyá ọfà náà yóò gbé ìpinnu wọn sókè tàbí yóò fà á wálẹ̀. Bí o kò bá tíì sọ ọ́, lo 2.8; 0.2 á wá gba nǹkan bí 196.

Má mú 0.16 tó o rí lọ́dọ̀ ènìyàn 60 wá fi ṣe ìṣirò yìí o. Iye tó ń mì ni. Wo iṣẹ́ àwọn tó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú ẹ, tàbí kí o pinnu èyí tó kéré jù tó ṣì nítumọ̀ fún ọlọ́jà.

G*Power, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò iye ènìyàn, náà wà, ọ̀pọ̀ ló ń lò ó. Fún ọfà mẹ́ta àti f² (ìwọ̀n bí ipa wọn ṣe tó) 0.15, yóò sọ fún ẹ pé 77. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń lò ó yẹn, ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ ló ń wò, kì í ṣe èyí tó rọ jù.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lo fọ́múlà Taro Yamane. Ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà náà jẹ́ 2,000, ó fún mi ní 333.

Ìdáhùn: Ah, Yamane! Kò sí iṣẹ́ àṣekágbá tí wọn kì í gbé e wọ̀. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọlọ́jà ló ń gba owó lórí fóònù? Kò sí ọfà kankan níbẹ̀. 333 kì í ṣe iye burúkú fún ẹ, àmọ́ ìdí tó o máa kọ sílẹ̀ ni kò bá model rẹ mu.

Ìbéèrè: Tí mo bá kàn gbé bootstrapping (kí kọ̀ǹpútà máa ṣà nínú fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ léraléra) lọ sí ìgbà 10,000 ńkọ́?

Ìdáhùn: Rárá. Àwọn ènìyàn 60 kan náà ló ń tún ṣà. Bí o bá tọ́ ọbẹ̀ kan wò nígbà ẹgbàárùn-ún, iyọ̀ rẹ̀ ò ní í lé.

Ìbéèrè: Mo lè padà sọ́jà, ṣùgbọ́n owó ò pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìdáhùn: Ká ní 0.2 ni o yàn. Bí apá rẹ bá ká a, ka 60 àkọ́kọ́ sí ìdánwò, kí o gba 155 tuntun. Bí kò bá ká a, fi 95 kún 60 náà kó lè pé 155. Bí mẹ́ta nínú fọ́ọ̀mù mẹ́wàá bá sábà ń bàjẹ́, fọ́ọ̀mù 136 ni kí o pín kí o tó lè rí 95 náà. Kọ iye náà sílẹ̀ kí o tó jáde nílé, má sì máa yọjú wo p lẹ́yìn ogún fọ́ọ̀mù, kí o wá dúró níbi tó ti dùn mọ́ ẹ. Kí ìwé rẹ sọ pé o ti wo èsì lẹ́ẹ̀kan kó o tó padà lọ.

Bí ìpadàlọ ò bá ṣeé ṣe rárá, gbé àlàfo ìdánilójú (confidence interval: láti iye wo dé iye wo ni agbára ọfà lè wà) ti ọfà kọ̀ọ̀kan síta. Má ṣe kọ ọ́ pé ìfọkàntán ò ní ipa. Kọ ọ́ pé ènìyàn 60 ò tó láti mọ̀.