Ẹ wo òfin ọgbà kí ẹ tó mú ajá lọ sí aṣálẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ tí a ń sùn sí rin àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè inú aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú ajá, ẹ jọ̀ọ́, òfin wọn kò dọ́gba. Ní Arches àti Death Valley, ajá kò gbọdọ̀ dé ọ̀nà ìfẹsẹ̀rìn rárá. Petrified Forest àti White Sands gbà á, bí okùn rẹ̀ kò bá ti ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ pẹ́ sí.

Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀: bí ẹ kò bá lè fara dà á fún ìṣẹ́jú àáyá 7, yóò jó ajá lẹ́sẹ̀. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ o! Ẹ̀rọ amúlétutù lè kú, kí ooru sì pa á kí ẹ tó dé.